Ta ló fọwọ́ kan ìwé náà kẹ́yìn? Wíwá ojúlówó ìwé ìhágún nígbà tí ọ́fíìsì lọ́yà ti kógbá wọlé

Bàbá kú ní Adó-Èkìtì ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹni ọdún 84 ni, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyáálé bí ọmọ 5 fún un, ìyàwó kejì bí 3. Ilé alájà kan ló fi sílẹ̀ ní Adó, oko kòkó kan lọ́nà Ìkòlé, pulọ́ọ̀tì kan ní Àkúrẹ́ tó rà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti owó ní báńkì méjì. Ìdílé yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó o. A kó ọ̀rọ̀ wọn jọ láti ara ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè hàn kedere.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wọ́n bá ìwé ìhágún nínú rẹ̀, ìwé tí ènìyàn fi ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín ogún rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ojú ìwé 4 tí wọ́n fi táípúráítà tẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 17 oṣù karùn-ún ọdún 1994. Inú gbogbo ilé dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnì kan tó wò ó dáadáa. Fọ́tòkọ́pì ni.

Òǹtẹ̀ lọ́yà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ní Òkèṣà. Akọ́bí gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Pátákó ti kúrò, yàrá tí ọ́fíìsì wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ orúkọ lọ́yà náà rí. Onílé ló sọ fún akọ́bí pé lọ́yà ti kú láti ọdún 2011, pé àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ibẹ̀ ni ìdílé ti pín sí méjì. Àwọn ọmọ ìyáálé ní fọ́tòkọ́pì ti tó, ṣebí ìbuwọ́lù Bàbá ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní bí ojúlówó kò bá sí, ìwé ìhágún kò sí nìyẹn. Kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní kóòtù, kí wọ́n sì pín ogún ní ìdí-igi. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ bẹ́ẹ̀: ní ìdí-igi, ìdajì ni ti ìyá kọ̀ọ̀kan, ọmọ 3 á pín ìdajì kan, ọmọ 5 á pín ìdajì kejì. Ní orí-ò-jorí, ìpín 3 nínú 8 ni tiwọn ì bá jẹ́.

Apá méjèèjì ló ṣìnà. Rẹjísírà Ẹ̀ka Próbéètì, ẹ̀ka kóòtù tó ń bójú tó ìwé ìhágún àti ogún, kò ní gba fọ́tòkọ́pì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìsí àṣẹ adájọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún bí ẹni pé olóògbé kò ṣe ìhágún, ó ní láti búra bẹ́ẹ̀. Bó bá búra nígbà tó ti fojú ara rẹ̀ rí kọ́pì, ìbúra èké ni, ọjọ́ tí ojúlówó bá sì jáde, kóòtù á gba ìwé àṣẹ náà padà. Ilé tí wọ́n bá ti tà láàárín àkókò yẹn á di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, tó sì mọ́gbọ́n wá, ni pé wọ́n fi káfíàtì sílẹ̀ ní Ẹ̀ka Próbéètì Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Adó. Ìwé ìkìlọ̀ ni káfíàtì, ó ń sọ fún rẹjísírà pé kó má fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí ogún náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó fi í sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní ọjọ́ tó máa ń kú, nítorí náà kí ẹ béèrè ọjọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì sọ ọ́ dọ̀tun kó tó pé. Káfíàtì tó ti kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ burú ju kí ó má sí lọ, torí gbogbo yín á ti sùn lé e.

Kí fọ́tòkọ́pì fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ju kọ́pì sílẹ̀, wọ́n á sáré lọ wá ojúlówó. Bẹ́ẹ̀ kọ́pì ni àwòrán ọ̀nà. Ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, ẹ má kọ nǹkan kan sí i lára, ẹ má gún un ní píìnì.

Ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìbuwọ́lù wà. Bó bá jẹ́ bírò ló kọ ọ́, ìka á bá ojú ọ̀nà tí bírò gbà, ó máa ń wú díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Àmì ìdánudúró táípúráítà náà sì máa ń lu pépà, ìgbà mìíràn á dá a lu jáde. Fọ́tòkọ́pì tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ní ọdún 1994, ọ̀pọ̀ lọ́yà ṣì ń fi pépà kábọ́ọ̀nù tẹ ìwé méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ orí kọ́pì kábọ́ọ̀nù á ṣú bàìbàì, ṣùgbọ́n bí onííwèé, ìyẹn ẹni tó ṣe ìhágún, àti ẹlẹ́rìí méjèèjì bá fi bírò buwọ́ lù ú lọ́tọ̀, ojúlówó kejì ni, kì í ṣe kọ́pì. Àwọn ìdílé kan ti sọ irú rẹ̀ nù sínú ìdọ̀tí torí pé ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kò dúdú tó.

Ti Bàbá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ìbuwọ́lù Bàbá àti ti ẹlẹ́rìí méjèèjì wà lórí rẹ̀, tó fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu ìwé ni wọ́n ya kọ́pì, kì í ṣe ìwé àkọ́dánwò tí wọn kò tíì buwọ́ lù. Èkejì, ẹnì kan fi ọwọ́ kọ "W/27/94" sí òkè lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà tí ọ́fíìsì lọ́yà fún fáìlì náà nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lọ́jọ́ náà: ní igun òkè lápá òsì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán dúdú méjì wà tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí píìnì bá wà lára ìwé nígbà tí wọ́n ń yà á, ìlà dúdú kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ á gbé jáde. Ẹ̀kán méjì túmọ̀ sí pé wọ́n yọ píìnì kí wọ́n tó ya kọ́pì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka orúkọ: ta ni ẹlẹ́rìí, ta ni olùmúṣẹ, ìyẹn ẹni tí ìwé yàn láti mú ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣẹ. Ẹlẹ́rìí kan jẹ́ olùkọ́, èkejì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun jẹ́ táípíìsì ní ọ́fíìsì lọ́yà yẹn. Olùmúṣẹ méjì ni lọ́yà fúnra rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ Bàbá kan.

Ìbéèrè tó ń darí gbogbo ìwákiri

Ẹni tó bá ń wá ìwé ìhágún máa ń béèrè pé, "Níbo ni lọ́yà wà?" Ìbéèrè tí kóòtù á béèrè yàtọ̀: ta ló fọwọ́ kan ojúlówó kẹ́yìn? Nínú òfin tí a gbà láti Ìlú Ọba, bí ojúlówó bá wà lọ́wọ́ onííwèé fúnra rẹ̀ kẹ́yìn, tí wọn kò sì rí i nígbà tó kú, kóòtù á gbà pé ńṣe ló fà á ya nítorí pé ó yí ọkàn padà, àyàfi bí ẹ bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ lọ́yà, tàbí ní báńkì, tàbí ní kóòtù kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lọ́yà kò lè fa ìwé oníbàárà rẹ̀ ya kó sì di pé oníbàárà ti yí ọkàn padà.

Ìdí nìyí tí fọ́tòkọ́pì inú àpótí irin fi lè pa yín lára tàbí kó gbà yín, bí ẹ bá ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ní kóòtù pé "inú àpótí Bàbá ni ìwé máa ń wà" láìfi ìyàtọ̀ sáàárín kọ́pì àti ojúlówó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ojúlówó sọ́wọ́ Bàbá.

Àpẹẹrẹ tí àwọn lọ́yà kì í gbàgbé ni ti Lord St Leonards ní England, ẹni tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà nígbà kan. Ó kú ní ọdún 1875. Wọ́n ṣí àpótí tó ń kó ìwé ìhágún rẹ̀ sí, wọn kò bá a níbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti ń bá a kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti orí, kóòtù sì gbà á ní ọdún 1876. Adájọ́ gbà á gbọ́ torí pé ọkùnrin náà kò yéé sọ nípa ìwé náà títí ó fi sún mọ́ ikú. Adájọ́ àgbà tó mọ òfin ìwé ìhágún bí ẹni mọ ọwọ́ ara rẹ̀, tirẹ̀ náà sọ nù.

Tọwọ́ ẹni tó kú dé ọwọ́ ẹni tó wà láàyè

Bí ẹ bá ka ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ ní England lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń darí àwọn lọ́yà, torí níbẹ̀, àjọ náà lè kó fáìlì ọ́fíìsì tó kógbá wọlé sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Bí lọ́yà tó dá ọ́fíìsì rẹ̀ ṣiṣẹ́ bá kú ní Èkìtì, fáìlì rẹ̀ di ẹrù ilé. Nígbà mìíràn lọ́yà kò kú: ó di adájọ́, ó wọ òṣèlú, ó kó lọ sí Àbújá tàbí Canada, tàbí wọ́n fi jọba nílùú rẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni kí ẹ wá.

Orísun mẹ́rin ni ìdílé yìí lò. Wọ́n kọ lẹ́tà sí akọ̀wé NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, ẹ̀ka Adó-Èkìtì, wọ́n kọ orúkọ lọ́yà ní kíkún. Wọ́n wo orúkọ ọ́fíìsì náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, torí ọ́fíìsì lọ́yà máa ń forúkọ sílẹ̀ bí iléeṣẹ́. Wọ́n bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ju pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹta ló mú èso wá, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í rántí. Wọ́n lọ sí rẹ́jísìtírì Ilé-Ẹjọ́ Gíga, wọ́n wá ìwé ẹjọ́ tí ọ́fíìsì yẹn fi sílẹ̀ ní ọdún 2009 àti 2010. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ẹjọ́, orúkọ lọ́yà kékeré tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Òun ló fọ̀nà ilé ọmọbìnrin lọ́yà hàn wọ́n, nọ́ọ̀sì kan ní Ìdó-Èkìtì. Òun náà ló sọ ibi tí ìyá tó jẹ́ táípíìsì ń gbé, ìyá tó ti lé ní 70 ọdún báyìí. Ẹ̀kẹrin ni onílé, tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àkọ́bí fẹ́ fò wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdó lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ìdílé ní kó kọ̀wé ṣáájú. Lẹ́tà náà kúrú:

"Ẹ̀gbọ́n wa, a kí yín o, a sì tún kí yín kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Lọ́yà ni Bàbá yín jẹ́ fún bàbá tiwa ní ọdún 1994. Bàbá tiwa ti papò dà. A bá kọ́pì ìwé ìhágún kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ W/27/94, ojúlówó rẹ̀ ni a ń wá. A kò wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín, a kò sì wá bi yín ní ẹjọ́. Bí fáìlì bá ṣì wà, a bẹ̀ yín kí ẹ má ṣí àpò ìwé èyíkéyìí tó bá wà ní lílẹ̀. Lọ́yà wa àti lọ́yà kan tí alága NBA bá yàn á wá bá yín wò ó ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣé, ọmọ yín ni wá."

Ìdí méjì ló wà fún lẹ́tà yìí. Àkọ́kọ́, ẹ̀rù máa ń ba ọmọ lọ́yà tó ti kú pé wọ́n fẹ́ gba gbèsè, ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà lè jó ìwé. Èkejì, ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà mìíràn wà nínú fáìlì wọ̀nyẹn, ikú lọ́yà kò sì tú àṣírí náà sílẹ̀. Ìdílé kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tú fáìlì ìdílé mìíràn wò. Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí lọ́yà tí kò sí lápá kankan wá tú u, kí àwọn tó kù jókòó lẹ́yìn.

Bí ọmọ náà bá kọ̀ ńkọ́? Bó bá sọ pé bàbá òun ṣì ní owó tó yẹ kí wọ́n san? Owó lọ́yà kì í ṣe ìdí láti fi ìwé ìhágún ẹni tó ti kú pamọ́ kí kóòtù má rí i. Òfin ìlànà kóòtù gíga sọ pé ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e fún rẹjísírà, adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kó mú un wá, tàbí kó wá dáhùn ìbéèrè lórí ibi tó wà. Ẹ má fi èyí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà, ká tó wá sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń gba àlejò pẹ̀lú omi tútù.

Báàgì Ghana must go mẹ́fà

Inú yàrá ẹ̀yìn ni fáìlì wà, báàgì Ghana must go 6 tí wọ́n tò léra. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ méjì nínú wọn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé e, ìwé dà bí ìyẹ̀fun. Wọ́n rí fáìlì W/19/94, wọ́n rí W/31/94. W/27/94 wà láàárín wọn, páálí rẹ̀ ṣì dára. Wọ́n ṣí i. Kò sí ojúlówó nínú rẹ̀. Lẹ́tà méjì, ìwé owó kan, àti ìwé àkọ́dánwò tí Bàbá fi bírò pupa tún ṣe.

Àwọn kan á kógbá wọlé níbí. Lọ́yà tí wọ́n yàn ní kí wọ́n wá ìwé rẹ́jísítà. Ọ́fíìsì lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ kì í fi ìwé ìhágún sí fáìlì lásán. Ìwé ńlá kan máa ń wà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, pé irú ọjọ́ báyìí ni a ṣe é, ibi báyìí ni a tọ́jú rẹ̀ sí, ta ló gbà á. Wọ́n bá a nínú báàgì karùn-ún, ìwé ẹlẹ́yìn líle, aláwọ̀ ewé. Ní ìlà W/27/94, wọ́n rí ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn rẹ̀, "ojúlówó: kóòtù gíga, Àkúrẹ́, 26/5/94", pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì. Ìlà "ẹni tó gbà á padà" ṣófo.

Ìlà òfìfo yẹn ju fáìlì tó kún lọ. Ká ní ìbuwọ́lù Bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan ní ọdún 2003 ni, ọwọ́ Bàbá ni ojúlówó ì bá ti wà kẹ́yìn, ẹrù ẹ̀rí ì bá sì ti wà lọ́rùn àwọn tó fẹ́ kí ìwé ìhágún dúró. Wọ́n fi fóònù ya ojú ìwé náà, wọ́n sì kọ ìwé kékeré kan tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ buwọ́ lù: ọjọ́, iye báàgì, ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọn kò rí. Rẹ́jísítà dúró lọ́wọ́ ọmọ lọ́yà. Tí kóòtù bá fẹ́ ẹ, òun ló máa gbé e wá.

Kí ló kan Àkúrẹ́?

Ọ̀dọ́ tó bá ka èyí lè béèrè pé kí ló gbé ìwé ará Adó dé Àkúrẹ́. Ní ọdún 1994, kò sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ọ́ lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àkúrẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀, láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ti yọ ọ́ ní oṣù kejì ọdún 1976, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú nígbà yẹn. Nítorí náà ọjọ́ orí ìwé ló ń sọ kóòtù tí ẹ máa lọ. Ìwé ará Èkìtì tó wọ kóòtù kí ọdún 1976 tó dé, ẹ béèrè ní Ìbàdàn. Láàárín 1976 sí 1996, Àkúrẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Adó. Ẹ má rò pé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ìpínlẹ̀ tuntun. Ẹ kọ̀wé sí méjèèjì. Kò sí ìwé àkópọ̀ kan fún gbogbo Nàìjíríà tí ẹ lè wo orúkọ nínú rẹ̀.

Báńkì náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwákiri, torí àwọn kan máa ń tọ́jú ìwé sí yàrá irin báńkì. Báńkì náà lè ti yí orúkọ padà. Àwọn 89 ni báńkì tó wà kí àtúntò ọdún 2005 tó sọ wọ́n di 25. Ẹni tó fi ìwé sí Co-operative Bank láyé ìgbà yẹn, Skye ló gbé e mì, Polaris sì gbapò Skye ní ọdún 2018. Bàbá yìí kò ní nǹkan kan ní báńkì yàtọ̀ sí owó, wọ́n sì gba lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Àkúrẹ́, wọ́n mú lẹ́tà lọ, ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, fọ́tòkọ́pì, àti nọ́ńbà rìsíìtì. Akọ̀wé wo rẹ́jísítà ní abẹ́ orúkọ ìdílé Bàbá. Kò sí. Ó ní kí wọ́n padà wá. Nígbà kejì lọ́yà ní kó má wo orúkọ mọ́, kó wo ọjọ́: 26 oṣù karùn-ún ọdún 1994. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà fi orúkọ àbísọ Bàbá sí ipò orúkọ ìdílé. Èyí wọ́pọ̀ gan-an, pàápàá pẹ̀lú àwọn olóyè tí wọ́n fi orúkọ oyè kọ, àti àwọn ìyá tí wọ́n kọ orúkọ ilé bàbá wọn. Kí lẹ́tà yín máa ní gbogbo ọ̀nà tí a fi ń kọ orúkọ náà, àti ọjọ́.

Wọn kò gbé àpò ìwé lé àkọ́bí lọ́wọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Rẹjísírà dá ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pe apá méjèèjì. Ó fi èdìdì ìda pupa han gbogbo wọn pé kò tú, ó gé àpò, ó ka ìwé sókè, ó sì kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ojúlówó dúró sí kóòtù. Kọ́pì tí kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ni ìdílé gbà.

Ìgbà yẹn ni wàhálà tuntun bẹ́. Ní igun òkè ojúlówó, ihò píìnì mẹ́rin ló wà, píìnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú méjì. Rẹjísírà béèrè pé kí ló wà nínú ihò méjì yòókù. Ṣé ìwé àfikún kan wà tí ẹnì kan ti yọ? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Nítorí irú èyí la fi máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ píìnì, má so rìsíìtì mọ́ ìwé ìhágún, má fi kílíìpù tẹ̀ ẹ́. Àmì kílíìpù nìkan tó láti dá ìwé àṣẹ dúró fún oṣù bíi mélòó kan.

Ìyá táípíìsì ló yanjú rẹ̀. Ó búra pé òun fúnra òun yọ píìnì lọ́jọ́ tí wọ́n ya kọ́pì fún Bàbá, torí ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í gba ìwé tó so pọ̀, òun sì gún píìnì tuntun lẹ́yìn náà. Lọ́yà gbé fọ́tòkọ́pì inú àpótí irin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán dúdú méjì ní igun ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí ihò méjì yẹn wà gẹ́lẹ́, kò sì sí ìlà píìnì. Ìyá náà tún wúlò lọ́nà kejì: ẹlẹ́rìí ni, ó sì wà láàyè láti búra pé Bàbá buwọ́ lu ìwé níwájú òun àti ẹlẹ́rìí kejì nígbà kan náà, bí òfin ṣe fẹ́. Kò sì sí ẹ̀bùn fún un nínú ìwé náà, torí ẹ̀bùn tí a bá ṣe fún ẹlẹ́rìí kì í dúró.

Olùmúṣẹ ti kú, oko sì jẹ́ ti ẹbí

Lọ́yà kú ní 2011, ọ̀rẹ́ Bàbá kú ní 2016. Kò sí olùmúṣẹ tó kù. Èyí kò ba ìwé ìhágún jẹ́. Irú ìwé àṣẹ tí wọ́n máa gbà ló yí padà: dípò próbéètì tí wọ́n máa ń fún olùmúṣẹ, kóòtù á fún wọn ní ìwé àṣẹ àbójútó ogún tí wọ́n so ìwé ìhágún mọ́, àwọn tó bá gbà á á sì tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé náà, kì í ṣe ìdí-igi. Ìdílé fi ọmọ kan sílẹ̀ láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń jókòó pa pọ̀ lórí fọ́ọ̀mù ni ariwo ti dínkù.

Lórí oko kòkó, ìwé ìhágún kò ṣiṣẹ́. Òfin ìwé ìhágún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣe, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ jogún, fi agbára onííwèé sábẹ́ àṣà ìbílẹ̀. Ilẹ̀ bàbá Bàbá ni oko yẹn, ti ẹbí ni, kò sì lè fún ọmọ kan ṣoṣo ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ilé Adó àti pulọ́ọ̀tì Àkúrẹ́ tó fi owó ara rẹ̀ rà kò ní ìṣòro.

Ká ní àpò ìwé kò sí ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Fọ́tòkọ́pì ì bá ti lọ síwájú adájọ́, pẹ̀lú ìwé ìbúra tó sọ gbogbo ibi tí wọ́n wá: àpótí irin, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì méjèèjì, fáìlì Ìdó, kóòtù Adó àti ti Àkúrẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Rẹ́jísítà aláwọ̀ ewé ì bá ti jẹ́rìí pé kóòtù ló gbà á kẹ́yìn. Ìyá táípíìsì ì bá ti jẹ́rìí bí wọ́n ṣe buwọ́ lù ú. Ẹjọ́ tí ó ṣeé jẹ ni, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì wọ́n, ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ìwé náà á sì rí àyè tako ó.

Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ, torí ibẹ̀ ni ojúlówó wà, pulọ́ọ̀tì kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò tó láti fi yí ilé Adó padà sórúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀ka Próbéètì ní Adó kí wọ́n tún èdìdì lù ú, òfin sì gba èyí láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Báńkì tó wà ní Adó kò dá wọn lóhùn títí tí wọ́n fi rí èdìdì kejì yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gbà á ni wọ́n fa káfíàtì yọ.